Oríkèé Tí Kò Dúró Lójú Kan

Àwa ọmọ káàárọ̀-oò-jíire fẹ́ràn ara tí ó dẹ̀. Bí eégún alárìnjó bá bọ́ sójú agbo, tí ó tàkìtì léraléra láìsinmi, tí ó sì ká ara sẹ́yìn títí orí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gìgísẹ̀, owó ni a ó máa ná an, àwọn onílù yóò sì máa kì í ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá. Bí ọmọdé kan nínú agbo ilé bá sì lè tẹ àtàńpàkò rẹ̀ títí yóò fi lẹ̀ mọ́ apá, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò yí i ká, wọn yóò ní kí ó tún un ṣe, òun náà yóò sì máa fi tayọ̀tayọ̀ tún un ṣe. Kò sí ohun tí ó burú nínú èyí, nítorí ọ̀pọ̀ ẹni tí Ẹlẹ́dàá fún ní irú ara bẹ́ẹ̀ ni ó ń lò ó dé ọjọ́ ogbó láìsí ìrora kan pàtó. Ìwádìí kan tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn tẹ̀ jáde ní ọdún 1994 nípa àwọn Yorùbá ilẹ̀ Nàìjíríà fi hàn pé, nínú 100 ènìyàn, nǹkan bí 43 ni oríkèé wọn dẹ̀ kọjá ìwọ̀n, iye yìí sì ju èyí tí a ń rí láàárín àwọn òyìnbó lọ fíìfíì. Ara tí ó dẹ̀ kì í ṣe àjèjì lọ́dọ̀ wa rárá. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n ni kí a bi ẹni tí ó ni ín léèrè bóyá ó ń dùn ún.

Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Láàárín àwọn tí ara wọn dẹ̀ yìí, àwọn kan wà tí dídẹ̀ náà kì í ṣe ẹwà fún, tí ó jẹ́ pé ejìká wọn lè yẹ̀ nígbà tí wọ́n bá nawọ́ mú ife lórí pẹpẹ, tí eegun iwájú orúnkún wọn lè fò sí ẹ̀gbẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàsọ̀, tí wọ́n sì lè fi ẹsẹ̀ rọ́ lórí ilẹ̀ títẹ́jú pẹrẹsẹ tí kò sí òkúta kankan níbẹ̀. Ọ̀ràn àwọn wọ̀nyí ni mo fẹ́ là yé wa, àti ti ìtọ́jú tí mo rí i pé ó ń ṣe wọ́n láǹfààní fún ìgbà pípẹ́ ju ohunkóhun mìíràn lọ, èyíinì ni ìdárayá tí àwọn físíò, ìyẹn àwọn onímọ̀ tí ń fi ìdárayá tọ́jú ara, ń kọ́ni, tí a ń ṣe ní ìwọ̀nba, tí a kì í sì í pa tì.

Bí a ti ń mọ̀ pé oríkèé dẹ̀ kò gba irinṣẹ́. Oníṣègùn Peter Beighton, tí ó ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè South Africa, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ni ó fi ìdánwò kan lélẹ̀ ní ọdún 1973 tí a ṣì ń lò káàkiri ayé. Wọn yóò wò ó bóyá ìka ọmọńdinrín ṣeé tẹ̀ sẹ́yìn kọjá ibi tí yóò ti dúró ṣánṣán, bóyá àtàńpàkò ṣeé tẹ̀ kan apá, bóyá ìgúnpá àti orúnkún a máa tẹ̀ kọjá títọ́ bí a bá nà wọ́n tán. Àmì kan ni fún ọ̀tún, àmì kan fún òsì, gbogbo rẹ̀ sì di mẹ́jọ. Ìkẹsàn-án ni pé kí onítọ̀hún bẹ̀rẹ̀ láìká orúnkún, kí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì lélẹ̀ pátápátá. Àgbàlagbà tí kò tíì ju 50 ọdún lọ, tí ó bá gba márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, a kà á mọ́ àwọn tí oríkèé wọn dẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n àmì yìí nìkan kò tó láti pe ènìyàn ní aláìsàn; ìrora, yíyẹ̀ oríkèé lemọ́lemọ́, àti ìtàn ẹbí gbọ́dọ̀ bá a rìn.

Àìsàn tí a ń sọ yìí ní ẹ̀yà púpọ̀, àwọn oníṣègùn sì ń pè é ní Ehlers-Danlos, wọ́n fi orúkọ Edvard Ehlers ará Denmark, tí ó kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1901, àti ti Henri-Alexandre Danlos ará Faransé, tí ó kọ tirẹ̀ ní ọdún 1908, so pọ̀. Ní ọdún 2017 ni àwọn ọ̀mọ̀wé pín in sí ẹ̀yà 13, èyí tí ó wọ́pọ̀ jù nínú wọn sì ni èyí tí oríkèé dídẹ̀ jẹ́ olórí àmì rẹ̀, òun kan náà ni kò sì tíì sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí ó lè fi í hàn. Inú ohun tí ara fi ń kọ́ ara rẹ̀ ni àléébù náà wà, èyí tí wọ́n ń pè ní kọ́lájìn. Bẹ́ẹ̀ kọ́lájìn kò mọ sí oríkèé, ó wà nínú awọ, ó wà nínú ìfun, ó wà lára òpó ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tí ejìká rẹ̀ ń yẹ̀ tún fi lè máa rí òòyì bí ó bá dìde lójijì, tí àyà rẹ̀ yóò máa lù kìkì, tí inú rẹ̀ kì í fara rọ oúnjẹ, tí ara rẹ̀ sì ń yára ní àpá dúdú bí ó bá fi gbún nǹkan. Èyí tí ó sì burú jù nínú gbogbo rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ó ní i ti ń wí, ni àárẹ̀ kan tí oorun kì í wò sàn. Kò sí oògùn tí ó lè tún kọ́lájìn náà ṣe. A bí i mọ́ ènìyàn ni, òbí tí ó bá ní ẹ̀yà tí ó wọ́pọ̀ jù yìí sì lè fi lé ọmọ lọ́wọ́, ìdajì ni ìrètí, ìdajì ni ìbẹ̀rù, lórí oyún kọ̀ọ̀kan.

Kí wá ni ìdárayá lè ṣe níbi tí oògùn kò ti ríṣẹ́ ṣe? Ẹ jẹ́ kí a wo gángan. Ọ̀sán ni ó so ojú rẹ̀ méjèèjì pọ̀, ṣùgbọ́n apá onílù tí ó ń fún un ni ó ń mú un le tàbí kí ó dẹ̀. Bí ọ̀sán náà bá ti dẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é, tí kò sì sí ẹni tí ó lè pààrọ̀ rẹ̀, apá onílù ni yóò máa ṣe iṣẹ́ ara rẹ̀ àti ti ọ̀sán. Bẹ́ẹ̀ ni oríkèé rí. Iṣan tí ó de eegun mọ́ eegun ni ó yẹ kí ó máa dá eegun dúró sójú kan, àwọn iṣu ẹran tí ó yí i ká sì ń tì í lẹ́yìn. Nínú ara tí a ń sọ yìí, iṣan náà kò lè dáni dúró, kò sì sí ìdárayá tí yóò mú un le, iṣu ẹran nìkan ni a lè kọ́ láti gba iṣẹ́ náà ṣe. Ẹni tí ó bá ti mọ èyí ti mọ ìpìlẹ̀ gbogbo ohun tí físíò yóò bá a ṣe.

Ó sì ti mọ ìdí tí kò fi yẹ kí a máa fa irú ara bẹ́ẹ̀. Iṣu ẹran aláìsàn yìí kì í sinmi tọ̀sán tòru, ó ń fún ara rẹ̀ pinpin láti di oríkèé mú, nítorí náà ó máa ń gan, ẹni tí ó ni ín á sì máa rò pé líle ni ara òun le, kí wọ́n ṣáà bá òun nà án. Wọn yóò nà án, yóò rí ìtura fún ìwọ̀nba wákàtí, nígbà tí yóò bá sì fi di òwúrọ̀, oríkèé tí wọ́n ti bọ́ ohun tí ó dì í mú kúrò lára rẹ̀ ti yẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn baba wa tí ń to eegun, mo mọ àwọn tí ó ti ọwọ́ wọn dìde rìn lẹ́yìn tí wọ́n já bọ́ lórí ọ̀pẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn eegun tí ó dá yàtọ̀ sí ti oríkèé tí ó dẹ̀ láti inú ìyá rẹ̀ wá, ẹni tí ó bá ń fi ipá fa èyí kejì, bí ó tilẹ̀ ṣe é tìfẹ́tìfẹ́, ó ń fi ìrora ọ̀la ra ìtura òní.

Ọmọbìnrin kan wà nínú ẹbí wa tí ó ní àìsàn yìí, tí mo máa ń bá lọ sọ́dọ̀ físíò ní Ìbàdàn, ilé Olúyọ̀lé. Obìnrin àgbàlagbà ni físíò náà, ohùn rẹ̀ tutù, ojú rẹ̀ kì í sì í kúrò lára ẹni tí ó ń tọ́jú. Kò kọ́kọ́ fún ọmọ náà ní iṣẹ́ kankan. Ó ní kí ó dúró lásán, ó yí i ká, ó sì fi hàn wá pé orúnkún rẹ̀ méjèèjì tẹ̀ sẹ́yìn, ó fi gbogbo ìwúwo ara tì wọ́n síbẹ̀, ní ti pé iṣan tí ó dẹ̀ ni ó ń gbé e dúró, iṣu ẹran itan kò ṣe iṣẹ́ rárá. "Dá orúnkún sílẹ̀ díẹ̀, ọmọ mi," ni ó wí. Ọmọ náà dá a sílẹ̀, itan rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Láàárín ìṣẹ́jú kan ó ti rẹ̀ ẹ́, ẹni tí ó máa ń dúró pẹ́ lórí ìlà ìwọkọ̀! Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fún un lọ ilé nìyẹn: nígbàkígbà tí ó bá dúró, ìbáà jẹ́ níwájú ìkòkò tàbí ní ibùdókọ̀, kí ó rántí orúnkún rẹ̀.

Ejìká ni wọ́n bọ́ sí lẹ́yìn èyí. Ó ní kí ó fi ẹ̀gbẹ́ dúró ti ògiri, kí ó ká ìgúnpá, kí ó ká tówẹ́ẹ̀lì kékeré kan sáàárín ìgúnpá náà àti ìhà rẹ̀, kí ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ ti ògiri. Ọmọ náà fẹ́ fi gbogbo agbára tì í, nítorí ó fẹ́ kí wọ́n rí i pé òun kì í ṣe ọ̀lẹ.

"Rárá o. Má jẹ́ kí agbára rẹ tó ìdajì. Ka márùn-ún, kí o sì fi sílẹ̀."

"Ṣé kò kéré jù, mà?"

"Bí o bá tì í jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn iṣu ẹran ńláńlá orí ejìká ni yóò sáré gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn kéékèèké tí ó wà nísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn kéékèèké náà ni a ń wá."

Ó wá fi ìka méjì lé ẹ̀yìn apá ọmọ náà, lórí eegun pẹlẹbẹ tí ó wà lẹ́yìn ejìká, kí ó lè mọ èyí tí ó ń ṣiṣẹ́ nínú wọn. Apá náà kò kúrò lójú kan, ògiri kò kúrò lójú kan, ẹni tí ó bá ń wò láti òkèèrè lè rò pé wọn kò ṣe nǹkan kan. Òógùn sì bo ọmọ náà lójú. Nígbà tí ó yá, lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ó kúrò ní fífi ẹ̀yìn ọwọ́ ti ògiri, ó dojú kọ ògiri náà, ó tẹ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì mọ́ ọn, ó sì ń fi ara sún mọ́ ọn, tí ó ń fi ara sún kúrò. Lẹ́yìn ìyẹn ni ó di etí tábìlì. Ìdí tí wọ́n fi ń fẹ́ kí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ wà lórí ohun tí kò ṣeé sún ni pé oríkèé a máa fẹsẹ̀ múlẹ̀ bí ìwúwo bá gba inú rẹ̀ kọjá bẹ́ẹ̀, gbogbo iṣu ẹran tí ó yí i ká a sì jùmọ̀ dìde.

Ohun mìíràn tún wà tí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó ṣeé kọ́. Bí a bá di ojú, olúkúlùkù wa mọ ibi tí ọwọ́ rẹ̀ wà láìwò ó. Inú oríkèé àti inú iṣu ẹran ni ìmọ̀ yìí ti ń wá, nínú àwọn tí ara wọn dẹ̀ jù ó sì máa ń ṣókùnkùn, nítorí náà ni wọ́n ṣe máa ń forí gbá férémù ilẹ̀kùn, tí ife ń bọ́ lọ́wọ́ wọn, tí a sì ń pè wọ́n ní aláìfararalẹ̀. Físíò náà yóò ní kí ọmọ wa di ojú, yóò gbé apá rẹ̀ òsì sí ibì kan, yóò sì ní kí ó gbé ọ̀tún sí irú ibi kan náà. Bí ó bá la ojú, yóò rí bí ọ̀kan ti fi nǹkan díẹ̀ ga ju èkejì lọ. Wọ́n ń lo dígí fún un pẹ̀lú, wọ́n sì ń mú un dúró lórí ẹsẹ̀ kan lẹ́bàá ògiri, kí ọwọ́ lè tètè bá nǹkan dì mú.

Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí mo ti sọ yìí, ẹni tí ara rẹ̀ le pẹ̀lú lè ṣe é. Ibi tí iṣẹ́ náà ti nira gan-an ni pé aláìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni yóò ṣe é, ẹni tí kò mọ irú ara tí òun yóò bá jí. Ọjọ́ tí ara bá yá gágá ni ewu pọ̀ jù lọ fún un. Ní ọjọ́ náà ni yóò fẹ́ fọ gbogbo aṣọ tí ó ti kó jọ, tí yóò gbálẹ̀, tí yóò lọ sọ́jà, tí yóò sì ṣe ìdárayá ọjọ́ mẹ́ta papọ̀ láti fi san gbèsè èyí tí kò ṣe. Ìyà ọjọ́ kan yìí ni yóò sì fi sùn sórí ibùsùn títí ọ̀sẹ̀ yóò fi parí, iṣu ẹran tí ó ti ń lágbára yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí rọ, oríkèé yóò tún máa yẹ̀. Ìlànà tí wọ́n fi kọ́ ọmọ wa ni pé kí ó wá ìwọ̀n iṣẹ́ tí òun lè ṣe ní ọjọ́ tí ara kò dá, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ìwọ̀n náà, kí ó má sì ṣe rékọjá rẹ̀ ní ọjọ́ tí ara bá dá. Bí ó bá ti rọrùn fún un lemọ́lemọ́ ni kí ó tó fi díẹ̀ kún un. Ní ọjọ́ tí kò bá lè dìde rárá, kí ó dùbúlẹ̀, kí ó fún itan rẹ̀ pọ̀, kí ó sì dá a sílẹ̀, kí ó mí kanlẹ̀, ìyẹn náà tó. Bí òòyì bá ń kọ́ ọ, orí ẹní ni yóò ti ṣe é, kí ó tó jókòó, kí ó tó dìde. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Mo ti ń gbọ́ òwe yìí láti kékeré, ìgbà tí mo rí ọmọ náà tí ó ń dáwọ́ dúró nígbà tí agbára ṣì wà lára rẹ̀ ni mo tó mọ bí ẹ̀sọ̀ ti ń gba ọkàn akin.

Ní ilé ni ọ̀ràn yìí ti ń di ìjà. A bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́, a kò sì fẹ́ràn ọ̀lẹ, ọmọ tí ó gbá ìdajì àgbàlá, tí ó sì lọ jókòó, orúkọ tí yóò gbà kò dára. Ẹbí gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ ní etí méjèèjì pé ìsinmi rẹ̀ wà nínú ìtọ́jú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni iṣẹ́ ilé fúnra rẹ̀ ṣeé tún tò: kí ó lo ìgbálẹ̀ olópòó gígùn dípò èyí tí a ń bẹ̀rẹ̀ fi gbálẹ̀, kí ó fi korobá kékeré méjì pọn omi dípò ńlá kan, kí ó má sì ru omi náà, nítorí ọrùn rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ejìká rẹ̀, iyán gígún kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀, kí ó bó iṣu lórí ìjókòó, kí ẹlòmíràn gbá ọmọ odó mú.

Ìkúnlẹ̀ ni ó gba ìrònú jù lọ. Ọmọbìnrin tí a tọ́ dáadáa yóò kúnlẹ̀ kí àgbà, kíkúnlẹ̀ wéré ni a sì fi ń mọ ọmọlúàbí. Bẹ́ẹ̀ orúnkún tí eegun iwájú rẹ̀ ń fò kúrò lójú ọ̀nà kò fẹ́ kí a ká a lójijì lórí sìmẹ́ńtì. Físíò náà kò ní kí ó má kúnlẹ̀ mọ́, ọmọ Yorùbá ni òun náà. Ó kọ́ ọ pé kí ó di àga mú, kí ó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, kí ó rọra sọ ara kalẹ̀ kí itan lè gbé ìwúwo rẹ̀, kí ó sì má ṣe ká ẹsẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bí ó bá délẹ̀. Mo fi ọ̀rọ̀ náà tó àwọn àgbà ilé létí, wọ́n sì gbà pé ní ọjọ́ tí orúnkún bá wú, kí ó tẹrí ba, ó tó.

N kò ní pẹ́ lórí àwọn ohun yòókù. Bẹ́líìtì orúnkún àti ìdè ọwọ́ wúlò nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀ tàbí tí oríkèé bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá ń wọ̀ wọ́n láti àárọ̀ dé alẹ́, iṣu ẹran yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún wọn. Omi tí ó lọ́wọ́ọ́rọ́ dára fún ẹni tí ó bá lè rí i, nítorí ó ń gbé ara. Iṣẹ́ abẹ lórí oríkèé irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í sábà dúró pẹ́, níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé iṣan tí ó dẹ̀ náà ni wọn yóò tún fi rán an. Bí ọ̀ràn bá sì di ti abẹ tàbí ti eyín yíyọ, kí ó sọ fún oníṣègùn ṣáájú, nítorí abẹ́rẹ́ tí a fi ń mú ojú ibi tí a fẹ́ gé kú kì í fi bẹ́ẹ̀ ran àwọn kan nínú wọn, egbò wọn sì lè pẹ́ kí ó tó jinná.

Kì í ṣe pé a kò ní àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí ní ilẹ̀ wa. Láti ọdún 1945 ni ilé ìwòsàn eegun ti wà ní Igbóbì ní Èkó, ní ọdún 1966 sì ni Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn físíò fún oyè ìmọ̀, àwọn tí wọ́n kọ́ sì ti tàn ká ibi púpọ̀. Aláìsàn gan-an ni ó kù kí ó mọ ohun tí yóò wí. Bí ó bá kàn sọ pé ẹsẹ̀ ń dun òun, ìtọ́jú ẹsẹ̀ ni wọn yóò fún un. Kí ó sọ pé oríkèé òun ń yẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ó dárúkọ gbogbo èyí tí ó ti yẹ̀ rí, kí ó sì sọ ẹni tí ó ní irú rẹ̀ nínú ẹbí.

Bí wọ́n bá tún ìdánwò Beighton ṣe fún ọmọ wa lónìí, iye àmì tí ó gbà ní ìjelòó ni yóò tún gbà, nítorí oríkèé rẹ̀ ṣì dẹ̀ bí ó ti dẹ̀, yóò sì máa dẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ń retí pé kí físíò sọ ara rẹ̀ di ara ẹlòmíràn yóò pẹ́ ní ìdúró. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé ejìká tí ó máa ń yẹ̀ nígbà tí ó bá ń wọ bùbá ti dúró, ó sì ti ń di irun àbúrò rẹ̀: yóò di ẹsẹ̀ méjì, yóò sọ apá kalẹ̀ sórí itan, yóò sinmi dáadáa, yóò sì tún di méjì. Nígbà tí a lọ kẹ́yìn, físíò náà ní kí ó di mẹ́ta, bí kò bá ti dùn ún lọ́jọ́ kejì.